Akọ̀wé Ìran Nílé Arúgbó

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbé lọ sílùú òyìnbó ti gbó. Èmi ò sì mọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ tíṣà ní Àjàgbà, tó tún fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ókìtìpupa, yóò máa sọ fún ara rẹ̀ pé ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣe òun lọ́hùn-ún, kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè. Òtútù nìkan ni mo múra sílẹ̀ dè. Ìbọ̀sẹ̀ méjìlá ni mo rà.

Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sọ fún ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Jade lorúkọ rẹ̀, pé kó jọ̀wọ́ bá mi mú "spectacles" bàbá kan wá, kó sì yí ohùn "wireless" tó wà ní pálọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Jade dúró, ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ẹni tó rí ohun tí kò retí ni. Ó ní ìyá ìyá òun nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn kó tó kú, òun ò tí ì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti ń pè mí ní "Granny". Èmi tí mi ò tí ì pé ogójì ọdún!

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó. Mi ò sunkún o. Mo kàn jókòó síbẹ̀, mo ń ka ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ronú èyí tí mo lè sọ níta tí wọn ò ní fi rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ló fà á. Ó ní ìwé atúmọ̀ èdè kan tí tíṣà àgbà tó wà nílé ìwé rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Èèpo ìwé náà ti já, Bàbá fi okùn àpò rán an bí ẹni rán bàtà. Ní gbogbo àárọ̀, bí a bá ti gbàdúrà tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde. Bàbá á ṣí ìwé náà, á mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, a ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, olúkúlùkù á sì fi ṣe gbólóhùn kan kó tó fojú kan oúnjẹ. Àbúrò mi obìnrin, tí ebi máa ń tètè pa, ọ̀rọ̀ yòówù kó jẹ́, ó máa rí i dájú pé ẹja wà nínú gbólóhùn tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ èdè òyìnbó. A kọ́ ọ dáadáa, a kọ́ ọ pé pérépéré, àmọ́ ìwé tí a fi kọ́ ọ ti dàgbà ju Bàbá fúnra rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé àwọn tó ni ín ti ṣí kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mò ń lọ, Bàbá fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé ìwé náà, ó gbé e lé orí àpótí mi. Mo gbé àpótí náà wò, ó wúwo jù. Mo yọ ìwé náà, mo fi sórí àga, mo sì kó ìbọ̀sẹ̀ mi síbi tó wà. Bàbá rí mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè sílé, gbogbo ohun tó ń bá mi sọ kò ju "Ṣé dáadáa ni wo wà? Olúwa á ṣọ́ ẹ" lọ, á sì gbé fóònù fún Iye. Ìyá wa là ń pè ní Iye ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, "wo" sì ni "ìwọ". Iye á wá máa sọ̀rọ̀ títí káàdì mi á fi tán. Ṣùgbọ́n èmi, ohùn Bàbá ni mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti pa fóònù, ìwọ̀nba díẹ̀ tó sọ yẹn, ó sì máa ń dùn mí.

Mama Edith ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n sọ olúkúlùkù ni kí a máa pè wọ́n nílé yẹn, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu kí n pe ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ní Edith lásán? Mo fi Mama sí i. Obìnrin kékeré ni, egungun nìkan, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tóbi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le. Iyè rẹ̀ ti ra. Lọ́sàn-án ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ sójú fèrèsé. Àárọ̀ ni ìjàngbọ̀n wà. Bí a bá ti gbé e wọ balùwẹ̀, tí omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í dà, tí ooru rẹ̀ gbalẹ̀, Mama Edith á figbe ta, á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ó gbá Jade létí lọ́jọ́ kan tí Jade fi sunkún. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ pé ó jà, ó sì ń pariwo ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, pè wá jọ ní ọjọ́ Ajé kan. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ Mama Edith ń bọ̀, wọn yóò jókòó ìpàdé lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ìyípadà, wọn yóò gbé e lọ sí ilé mìíràn tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníjà. Ó sọ ọ́ tàánútàánú. Jade wolẹ̀. Èmi ń wo Mama lójú fèrèsé rẹ̀ níbi tó ti ń fi ọwọ́ ńlá yẹn tẹ́ aṣọ orí itan rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ kó lè gún régé. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹni tí wọ́n bá gbé kúrò níbi tó ti mọ fèrèsé rẹ̀, ta ni yóò tún jẹ́?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni iṣẹ́ rẹ̀ kàn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ọwọ́ mi wá pẹ́ńsù fúnra rẹ̀.

Kí n ṣàlàyé. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa ní Àjàgbà. Bí Ẹ̀mí bá gbé ẹnì kan lákòókò ìsìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, akọ̀wé ìran á sáré mú ìwé àti pẹ́ńsù, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Aríran kì í rántí ohun tó wí bí ojú rẹ̀ bá walẹ̀, nítorí náà ohun tí akọ̀wé ò bá kọ, ó sọnù nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n fi mí sí i nítorí pé ọwọ́ mi yá. Bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ ló kọ́ mi. Ó ní mi ò gbọdọ̀ tún gbólóhùn ẹnikẹ́ni ṣe. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣàjèjì sí mi, kí n kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, torí kì í ṣe èmi ni wọ́n rán an sí. Lẹ́yìn ìsìn, n ó wá ẹni tí iṣẹ́ náà kàn lọ, n ó kà á sí i létí kó tó jáde lọ́gbà.

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo kọ gbogbo ohun tí Mama Edith wí sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí. Mo tiẹ̀ kọ "Ògo ni fún Olúwa" sí ìparí rẹ̀, bí a ti ń ṣe nílé. Ọ̀gá pè mí. Ó yí ẹ̀rọ náà sí mi, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí lèyí. Mo ní ohun tó sọ ni. Ó ní ìlà méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀: ó wẹ̀ tàbí kò wẹ̀, ó jà tàbí kò jà. Ó rọra sọ fún mi pé iṣẹ́ wa kọ́ ni láti máa kọ ìsọkúsọ sílẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan àti pẹ́ńsù méjì.

Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá wà níbẹ̀, mo ń kọ. Ohun tó ń sọ kì í sábà yí padà. "Peggy, sún sẹ́yìn. Mo ní kí o sún sẹ́yìn, Peggy! Ti funfun là ń kó sí i ná. Dolly mi dà? Kúrò níbẹ̀ yẹn, Peggy, kúrò!" Nígbà mìíràn á dárúkọ àwọn nǹkan tí mi ò gbọ́ rí, bí "mangle" àti "copper", á sì tún padà sórí Peggy. Mo bi Jade ta ni Peggy. Ó ní gbogbo wọn gbà pé ajá tó ti kú ni. Wọ́n wo ìwé rẹ̀, kò sí Peggy níbẹ̀; ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Margaret, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, nítorí ìyá rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wá gbẹ̀yìn, ó jókòó fún wákàtí kan, Mama ò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi omijé lọ.

Jade, ọmọ onínúure, gbọ́ pé Mama ń béèrè dolly, ó lọ ra bèbí oníke kan tó ní irun wúrà. Mama Edith wo bèbí náà, ó wo Jade, ó ju bèbí sínú garawa ìdọ̀tí. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nínú mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn wọn nílé, mo pè.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé atúmọ̀ yẹn ṣì wà?"

Bàbá fi ìbéèrè dá mi lóhùn.

"Kí wo fẹ́ fi ṣe?"

"Àwọn ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú, sà. Mo wò wọ́n nínú fóònù, ohun tó ń sọ kò bá ohun tí mo gbọ́ mu."

"Ṣé ìwé ti tán lọ́dọ̀ ghan ni?" Àwọn òyìnbó ló ń pè ní "ghan", ìyẹn "wọn" lẹ́nu Ìkálẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń dìde. Mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú. Mo gbọ́ Iye lẹ́yìn tó ń pariwo, "Kí ni wo ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?" Bàbá ní ìwé ni. Iye ní, "Ìwé kí? Aṣọ mi ni wo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn o!"

Mo ka ohun tí mo kọ lẹ́nu Mama Edith fún Bàbá, mo sì sọ ti Margaret ọmọ rẹ̀ tí kì í dárúkọ. Bàbá ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mi létí ní ohùn tíṣà rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé kíláàsì méjì ló wà níwájú rẹ̀. Dolly: igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń ro aṣọ nínú omi ọṣẹ. Mangle: irin rógódó méjì tí wọ́n ń ki aṣọ sáàárín wọn, tí wọ́n ń yí, kí omi lè fún jáde. Copper: ìkòkò ńlá tí wọ́n mọ mọ́ orí àdògán, tí wọ́n fi ń se aṣọ funfun. Lórí èyí tó kẹ́yìn, ó ní, "Wo ò rí i? Mo kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò rẹ ló ní ghan fi se ẹja."

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ọdún kan àbọ̀ nìyẹn tí a ti jọ rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Iye gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Aṣọ funfun ni arúgbó yẹn ń sè?"

"Ó dà bíi bẹ́ẹ̀, Iye. Ó ń sè é nínú orí rẹ̀."

"Ọma kan wà nídìí ìkòkò yẹn. Ó ń lé e ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí ìyá àti ọmọ náà níwájú rẹ̀. Iye ni ó ń fọ sùtánà àti aṣọ pẹpẹ ìjọ wa láti ìgbà tí mo ti dáyé. Á sè é nínú ìkòkò ńlá lẹ́yìnkùlé, á fi búlúù ṣàn án, á wá rì í sínú sítáàṣì tó fi omi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ó ní, "Wo náà, wo gbàgbé ni? Wo fẹ́ yọjú wo inú omi híhó, mo fi igi aṣọ lù ẹ́ lápá. Mi ò tiẹ̀ wo ibi tí igi ń bà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wọ ulé, mo sunkún."

Mi ò gbàgbé lílù náà. Ohun tí mi ò mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni pé Iye sunkún.

Ọjọ́ kejì, mi ò ṣí omi tó ń dà látòkè. Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà kí n tó gbé Mama wọlé, kí ooru má bàa sí níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, bó ti rí omi, ó gbé ọwọ́ sókè. "Peggy, sún sẹ́yìn!" Mi ò lè sọ pé èmi ni Peggy. Akọ̀wé kì í fi ara rẹ̀ sínú iṣẹ́ tí wọn ò rán sí i. Mo dúró jìnnà, mo ní, "Peggy ti sún sẹ́yìn, Mama. Iná ò dé ibi tó wà."

Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ẹni tó ń wá nǹkan kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Mo wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi bí a ṣe ń fi sítáàṣì sí ọrùn ẹ̀wù, pé kó má pọ̀ jù kó má baà gé ọkùnrin lọ́rùn. Iye náà sọ bẹ́ẹ̀ gan-an nípa ọrùn sùtánà wòlíì wa. Mo dá a lóhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì mi tó gbó, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè mí ní Granny, kò sì rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wò ó nínú ọkàn mi bóyá ó dára.

Mo ti ronú lórí rẹ̀ púpọ̀. Nílé, nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ẹgbẹ́ mi ní èdè òyìnbó mi ti pọ̀ jù, wọ́n ní mò ń ṣe bí ọmọ tíṣà. Lọ́hùn-ún, wọ́n ní ó ti gbó. Ìkálẹ̀ mi pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn: bí mo bá sọ pé "ilé" dípò "ulé" lórí fóònù, Iye á ní, "Yorùbá ìwé ti gba ẹnu ọma mi lọ." Ó máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, èmi á rẹ́rìn-ín, àyà mi á sì já. Mo ń ro ọjọ́ tí èmi náà yóò darúgbó sílùú tí kì í ṣe tèmi, tí iyè mi yóò ra, tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ lẹ́yìn yóò fò lọ, tí yóò ku èyí tí mo kọ́ lẹ́nu Iye. Ta ni yóò wà níbẹ̀ tí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìsọkúsọ? Ẹ̀rù yìí ló wà nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ sínú ìwé kékeré yẹn, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni kan ò lè máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí mo bá sinmi, Mama ń jà. Mo kọ́ Jade bí mo ṣe ń ṣe é, Jade sì gbìyànjú, àmọ́ Mama á dá a dúró, á ní, "Peggy wà níbo? N kò rí i." Ó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ náà wà gan-an. Ọ̀gá ní òun rí akitiyan wa, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìpàdé ṣì dúró. Ó ku ọjọ́ márùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni fóònù mi dún nígbà tí mò ń jẹun. Bàbá ni. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, òun kọ́ ló ń pè, èmi ni mo máa ń pè wọ́n. Mo rò pé nǹkan ti ṣe Iye.

"Ìyá rẹ wà dáadáa. Jẹ́ kí n ráàyè sọ̀rọ̀. Mo ti rí Peggy."

"Ẹ ti rí kí ni, Bàbá?"

Ó ní láti ọjọ́ Àìkú tí mo pè yẹn ni òun ti ń ka ìwé náà lẹ́yìn ilé, láti ojú ìwé àkọ́kọ́, nítorí òun mọ̀ pé òun ti rí orúkọ náà rí. Ó ní ẹ̀yìn pátápátá ló wà, níbi tí wọ́n to orúkọ ìsàmì àwọn òyìnbó sí, àti bí wọ́n ṣe máa ń ké e kúrú nílé. Ó kà á sí mi létí: "Margaret. Ghan ń pè é ní Meg, ghan ń pè é ní Peg, ghan ń pè é ní Peggy. Ó wà níbí. Ọma rẹ̀ ni ó ń pè. Ṣé wo gbọ́? Ọma rẹ̀ ni."

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwé náà wúwo lóòótọ́. Ó dára bí wo ṣe fi í sílẹ̀." Mo wá sunkún.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Margaret wá. Obìnrin onírun funfun ni òun náà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ó di báàgì rẹ̀ mú sórí itan. Ọ̀gá jókòó, ó ṣí fáìlì. Èmi, tíì ni wọ́n ní kí n gbé wá. Mo gbé e sílẹ̀, mi ò jáde. Mo yọ ìwé kékeré náà látinú àpò aṣọ iṣẹ́ mi.

Ọ̀gá ní, "Kí nìyẹn?"

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi lè bọ́. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, mà. Ìyá yìí ti ń rán iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó rán an sí ti dé, mo gbọ́dọ̀ kà á fún un kó tó lọ."

Mi ò dúró kí wọ́n fún mi láàyè. Mo kà á bí mo ti ń kà á nílé, lórí ìdúró, láìfi nǹkan kan kún un, láìyọ nǹkan kan. Ọjọ́ àti aago. Sún sẹ́yìn, Peggy. Kúrò nídìí iná, Peggy. Peggy, ọwọ́ rẹ. Níbi tó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo dé ọjọ́ kẹrin, báàgì bọ́ lórí itan Margaret.

Ó ní, "Èmi nìyẹn. Kò sẹ́lòmíràn tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí." Ó sọ pé ìyá òun ló ń fọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé tó kún fún ooru, pé ọwọ́ ìyá òun ni wọ́n fi jẹun títí òun fi jáde ìwé. Ó ní òun ti rò pé ó ti gbàgbé òun. Ó wá na ọwọ́ sí ìwé náà, mo gbé e fún un, ó sì ń fi ìka tọ orúkọ náà lójú ìwé kan sí èkejì.

Ọ̀gá wò mí, ó wo fáìlì rẹ̀. Ó ní kí a rí bí àárọ̀ ọ̀la yóò ti rí ná.

Margaret ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo bu omi sínú bàsíà, Jade gbé Mama wọlé. Bó ti rí omi, ọwọ́ ńlá yẹn gòkè. "Peggy! Sún sẹ́yìn! Peggy wà níbo?"

Margaret dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọmọdé: "Mo wà níbí, Mọ́mì. Mo ti sún sẹ́yìn."

Mama ò yíjú wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ dáadáa," ó sì jẹ́ kí Jade tú ẹ̀wù òun. Jade wẹ̀ ẹ́, kò lu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ń fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, ọ̀gá pa fáìlì dé, ó ní, "Kò lọ síbì kankan," ó sì tètè kúrò níbẹ̀ kí a má baà rí ojú rẹ̀.

Mama Edith wá na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò nà án sókè, ibi ìbàdí ló nà án sí, ibi tí orí ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń mọ, ó sì ń na ìka káàkiri nínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ó ń wá a. Margaret kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà, pẹ̀lú bàtà àti kóòtù lára, ó gbé orí rẹ̀ onírun funfun sábẹ́ ọwọ́ náà.